Ìdánwò ní gbogbo rẹ̀ dára, owó ìyá aláṣọ sì dín ní 6,000: báwo lẹ ṣe ń yẹ ohun tí ètò kọ jáde wò?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ni mo mú wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún bàbá alájọ kan níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó máa ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ouando. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: olúkúlùkù ń dá iye tí agbára rẹ̀ ká lójoojúmọ́, bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún oníǹkan. Ẹni tó bá dá 500 sefa fún ọjọ́ 31 ti dá 15,500. Alájọ mú 500, òun gba 15,000. Kò sí ìṣirò tó le níbẹ̀. Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò, ni mo fi kọ ọ́. Ètò náà á ka fáìlì CSV (tábìlì tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ lásán) ti oṣù, á ro owó oníkálukú, á kọ ọ́ sí fáìlì mìíràn tí bàbá máa ń tẹ̀ sórí ìwé.

Mo ṣe ìdánwò 38 fún un, ìyẹn ètò kéékèèké tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lóru, ní agogo méjì, kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Bí mo bá jí, ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni mo máa ń wò: `38 passed` (38 yege), ní àwọ̀ ewé. Mo máa mu ẹ̀kọ gbígbóná mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n san owó oṣù tó kọjá, ó kan ìyá kan tó ń ta aṣọ. 1,500 ló ń dá lójúmọ́, òun nìkan ló sì ń dá tó ẹgbẹ̀rún nínú wọn. 45,000 ló yẹ kó gbà. Ìwé tí ètò mi tẹ̀ jáde ní 39,000. Ìyá ò pariwo rárá, ì bá tiẹ̀ sàn bó bá pariwo. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ káàdì kan tó ti rọ̀ bí aṣọ, tó fi báírò fa igi sí lójoojúmọ́. Ó kà á lójú gbogbo wa: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wá ní, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yín ti jẹ ọjọ́ mẹ́rin mi." Bàbá alájọ kàn yíjú sí mi, kò sọ nǹkan kan.

Mo délé, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ètò náà lórí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà). Kó tó parí, ó kọ èyí jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, nọ́ńbà ìlà nìkan ló ń yàtọ̀:

    ligne 212 ignorée : invalid literal for int() with base 10: '1\u202f500'

Ìyẹn ni pé ó fo ìlà 212, torí kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ tó ń bá bàbá kọ ìwé máa ń tẹ owó sórí fóònù. Fóònù yẹn bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ló bá ń kọ ọ́ sínú tábìlì lórí kọ̀ǹpútà, èdè Faransé sì ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń sọ. Ẹ mọ̀ pé àwa tí Faransé kọ́ ní ìwé, àlàfo la máa ń fi sáàárín ẹgbẹ̀rún àti ìyókù: 1 500. Kọ̀ǹpútà náà fi irú àlàfo tóóró kan (`\u202f` yẹn) síbẹ̀ tí ojú ò lè mọ̀ yàtọ̀. Python ò gbà á ní nọ́ńbà. Ẹni tó ń dá 500 tàbí 200 kò ní àlàfo kankan nínú owó tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ètò pé bí ìlà kan ò bá ṣe é kà, kí ó sọ ọ́ sí stderr (ojú ọ̀nà tí ètò fi ń kọ ìkìlọ̀ àti àṣìṣe jáde), kí ó fò ó, kí ó máa lọ. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Èyí tó wá ń dùn mí jù: ọ̀kan nínú ìdánwò 38 yẹn, fáìlì oṣù gan-an ló ń lò, èyí tí bàbá ń fi ránṣẹ́ lálaalẹ́. Ìdánwò mi gbọ́ gbogbo ohun tí ètò sọ. Ó gbọ́, ó sì pa á mọ́:

    r = subprocess.run(["python3", "ro_owo.py", "osu.csv"],
                       capture_output=True, text=True)
    assert r.returncode == 0
    assert os.path.exists("esan.csv")

Kò wò ju pé ètò fi odo parí (`returncode`), àti pé fáìlì `esan.csv` wà nílẹ̀. Lálaalẹ́ ni `r.stderr` ń kígbe, kò sẹ́ni tó ṣí i wò.

Mo fẹ́ tún un ṣe báyìí. Èrò mi ni pé kí n máa fi grep (irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) wá "error" (àṣìṣe) nínú àkọsílẹ̀ òru. Pytest ló ń ṣe ìdánwò, tee ló ń kọ ohun tó sọ sínú fáìlì:

    pytest | tee idanwo.log
    if ! grep -qi error idanwo.log; then echo "Ó dára"; fi

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Kí lẹ̀yin máa ń ṣe? Apá kan tún wà nínú ètò yẹn tó ń fi SMS ránṣẹ́ sí àwọn ìyá lórí thread ọ̀tọ̀ (iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ńlá), ẹ̀rù ìyẹn náà ti ń bà mí.

---

Àgbà Kétu

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí irú rẹ̀ ò tíì ṣe.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí `returncode`, nọ́ńbà tí ètò fi ń parí. Odo yẹn kò túmọ̀ sí pé nǹkan dára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó kọ ètò náà ò ní kó parí pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn. Ká ní o fi ValueError (àṣìṣe nọ́ńbà yẹn) sílẹ̀ kó ṣubú fúnra rẹ̀ ni, Python ì bá parí pẹ̀lú 1, ìdánwò rẹ ì bá pọ́n (ìyẹn ni pé á ṣubú) lálẹ́ ọjọ́ kìíní. O mú un, o fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, o wá bi í pé ṣé àlàáfíà ni. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹnu rẹ̀, itọ́ funfun ló ń tu jáde.

Nítorí náà, inú ètò gan-an ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Fífò ìlà kò burú, ọ̀rọ̀ owó ni ò gbà á. Jẹ́ kó ka iye ìlà tó fò. Bí ó bá ju odo lọ, kó fi 1 parí: `sys.exit(1)`. Kí bàbá alájọ rí i pé ètò kọ̀ sàn ju kó san owó tí kò pé lọ.

Lẹ́yìn náà, ìdánwò. Fi ìlà kan yìí kún un kí ilẹ̀ òní tó ṣú:

    assert r.stderr == ""

Ètò tí nǹkan ò ṣe, kò yẹ kó ní ọ̀rọ̀ lórí stderr. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí ẹnu wọn ò lè dákẹ́: `git clone` máa ń ròyìn ibi tí iṣẹ́ dé síbẹ̀, `curl` náà ń ya ìṣirò rẹ̀ síbẹ̀, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Bí irú wọn bá wà nínú tìrẹ, kọ àwọn ìlà tí o mọ̀ pé kò léwu sílẹ̀, yọ wọ́n kúrò nínú ohun tó jáde, kí o wá ní kí ìyókù jẹ́ òfo. Ṣé o rí i pé èyí yàtọ̀ sí wíwá "error"? Àṣìṣe tí o bá lè dárúkọ rẹ̀ ṣáájú, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. `'1\u202f500'` yẹn, ta ni ì bá ronú láti kọ ọ́ sínú grep?

Ìwé òru rẹ wàyí, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé lóru. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, má bínú. `pytest | tee`: nínú bash (èyí tó ń gba àṣẹ lórí terminal), nọ́ńbà tí ẹni ìkẹyìn lórí ìlà bá fi parí ni gbogbo ìlà fi ń parí. Ìyẹn ni pé tee lo ń bi léèrè, pytest kọ́. Bí ìdánwò 38 bá ṣubú pátá, tee á ṣì dá ọ lóhùn pé òun kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, odo. Tún wò ó: stderr kì í gba inú `|` kọjá àfi bí o bá ní kó gbà á. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dúró sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè Kétu wa, tọ̀sán-tòru, tí ògiri ìlú sì ti ya lápá ẹ̀yìn, ta ló ń ṣọ́?

    #!/bin/bash
    set -o pipefail
    pytest 2>&1 | tee idanwo.log

`pipefail` á jẹ́ kí ìṣubú pytest hàn, `2>&1` á da stderr pọ̀ mọ́ stdout (ohun tí ètò ń kọ jáde déédéé). Má gbàgbé ìlà àkọ́kọ́ yẹn. `/bin/sh` ni cron (èyí tó ń bá wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóru) máa ń lò bí o kò bá sọ nǹkan kan, kì í sì í ṣe gbogbo sh ló mọ pipefail. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ tààrà sí fáìlì láìsí tee, `> idanwo.log 2>&1` ni, kì í ṣe `2>&1 > idanwo.log`. Èkejì yẹn á fi stderr sílẹ̀ níbi tí stdout wà tẹ́lẹ̀ kó tó gbé stdout lọ sínú fáìlì. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ìyẹn.

Ọ̀kan kù tí o ò bi mí. Ìdánwò tó ń wò bóyá `esan.csv` wà nílẹ̀ kò tíì dán nǹkan kan wò. Owó ni kó kà.

---

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rẹ́, sá fún grep yẹn. Mo ti jìyà rẹ̀.

Ètò tèmi, ìwọ̀n kajú ló ń kó jọ. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká, oníkálukú ń fi fáìlì kílò tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí alẹ́ bá lẹ́, `cat` á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdánwò á tẹ̀lé e. Mo kọ grep bí tìrẹ gẹ́lẹ́. Ní àkókò kan, iná lọ lápá ibi kejì, fáìlì wọn ò dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí cat kọ rèé:

    cat: ibi2.csv: Aucun fichier ou dossier de ce type

Ìyẹn ni pé kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Wá "error" níbẹ̀ kí n rí ọ. Wá "erreur", àṣìṣe lédè Faransé, pàápàá, kò sí. Kọ̀ǹpútà wa ń sọ Faransé, grep tèmi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì jókòó sínú yàrá kan láìmọ ara wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kílò ibi méjì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti mẹ́ta. Ẹni tó mọ̀ ni awakọ̀ tó ń kó àpò náà lọ, ó ní ọkọ̀ òun wúwo ju ìwé wa lọ.

Mo bá fi `erreur` kún un. Ní òru ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún. Mo dìde, mo wò ó: ìdánwò kan tó ń jẹ́ `test_poids_erreur` ló yege, orúkọ rẹ̀ ni grep rí. Òru kejì, ètò kan kọ "0 errors" síbẹ̀, fóònù tún dún. Òru kẹta, mo pa fóònù. Ẹ mọ ìyókù.

Nǹkan méjì tí mo fi sílẹ̀ títí di òní. Èkíní, orí ìwé òru:

    export LC_ALL=C.UTF-8

Gbogbo irinṣẹ́ á máa sọ èdè kan náà níbi gbogbo, lórí kọ̀ǹpútà tèmi àti tìrẹ. Fi `.UTF-8` yẹn sí i. Bí o bá kọ `C` lásán, àwọn irinṣẹ́ kan lè máa da àmì orí orúkọ àwọn ìyá rẹ rú.

Èkejì, nípa `if ! grep`. Grep máa ń fi 0 parí bó bá rí nǹkan, 1 bí kò bá rí, 2 bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ìṣòro. Jẹ́ ká ní ibi ìpamọ́ kún, `idanwo.log` ò sí nílẹ̀. Grep á fi 2 parí, `!` tìrẹ á sọ ọ́ di àṣeyọrí, ètò rẹ á kọ "Ó dára". Kò sí fáìlì, kò sí ìdánwò, ó dára! Bí o bá ní dandan ni kí o lo grep, béèrè fún 1 gan-an.

Ṣùgbọ́n ti Àgbà Kétu ni kí o ṣe.

---

Arábìnrin Pytest

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àjàṣẹ́ lèmi náà wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú pytest kún un, torí kì í ṣe gbogbo ìdánwò 38 yẹn ló ń lo subprocess (kí Python pe ètò mìíràn ṣiṣẹ́).

Pytest máa ń gba gbogbo ohun tí ìdánwò bá kọ jáde, bí ìdánwò bá sì yege, kì í fi hàn yín. Ibẹ̀ ni nǹkan ń sá pamọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe `pytest -rP` lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ohun tí àwọn tó yege ń sọ. Ó lè yà yín lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí sínú `conftest.py` (fáìlì tí pytest ń kà fún gbogbo ìdánwò):

    @pytest.fixture(autouse=True)
    def ko_gbodo_soro(capfd, caplog):
        yield
        assert capfd.readouterr().err == ""
        buru = [x for x in caplog.get_records("call")
                if x.levelno >= logging.ERROR]
        assert not buru

`capfd` ni mo lò, kì í ṣe `capsys`. Capsys ń gbọ́ ohun tó gba ọwọ́ Python kọjá nìkan, capfd ń gbọ́ ti ètò mìíràn tí Python bá bí pẹ̀lú. Àmọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti lo `capture_output=True`, `r` ló ti gba ọ̀rọ̀ náà, capfd ò ní rí nǹkan kan, ẹ ṣì ní láti yẹ `r.stderr` wò fúnra yín. Bí ìdánwò kan bá sì ti pe `readouterr()` láàárín, ó ti kó o lọ, tèmi á bá àwo òfìfo nílẹ̀.

`caplog` wà níbẹ̀ nítorí ohun tí `logging` (irinṣẹ́ tí Python fi ń kọ ìròyìn sílẹ̀) bá kọ lè má dé stderr rárá bí pytest bá wà nídìí rẹ̀. Ẹ má kọ `caplog.records` lẹ́yìn yield (ibi tí ìdánwò ti parí). Àkókò yẹn, pytest ti ṣí ojú ìwé tuntun, òfo lẹ ó rí, ẹ ó sì rò pé ó dára. `get_records("call")` ni.

Ti thread SMS: bí thread kan bá ṣubú, Python á kọ `Exception in thread` sí stderr, ètò ńlá á máa bá iṣẹ́ lọ, á parí pẹ̀lú odo. Láti pytest 6.2 ni ó ti ń sọ ọ́ di ìkìlọ̀, ìkìlọ̀ kì í sì í mú ìdánwò ṣubú. Ẹ fi èyí sí `pytest.ini` kó lè mú un ṣubú:

    [pytest]
    filterwarnings = error

Á kọ́kọ́ pariwo nítorí àwọn ohun tí kò kàn yín. Ẹ fara dà á.

---

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ lánàá, mo sì sùn. Láàárọ̀, mẹ́sàn-án ló pọ́n nínú 38.

Mẹ́fà nínú wọn, èmi náà ni: "lecture de osu.csv..." (mo ń ka osu.csv) tí mo máa ń kọ sí stderr láti mọ ibi tí ètò dé. Mo pa wọ́n rẹ́, n ò tiẹ̀ rántí ìgbà tí mo kà wọ́n kẹ́yìn. Méjì jẹ́ ti ìlà tó ń fò. Mo ti ṣe é bí Àgbà ṣe wí, ètò náà ń yọ àlàfo yẹn kúrò báyìí, bí ìlà kan bá ṣì kọ̀, gbogbo iṣẹ́ á dúró.

Ìkẹsàn-án, Arábìnrin, tìrẹ ni. Thread SMS. Ẹ rántí pé ní 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù wa ní Benin, tí nọ́ńbà mẹ́jọ di mẹ́wàá. Èmi náà fi í sínú ètò pé nọ́ńbà tí kò bá pé mẹ́wàá, kó kọ̀ ọ́. Àwọn ìyá méjì ṣì wà nínú ìwé bàbá pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́jọ. Bó bá ti dé orí àkọ́kọ́ nínú wọn, thread náà á kú, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé ò ní gba SMS kankan. Mo pe bàbá. Ó ní òun rò pé àwọn ìyá yẹn ni kì í ka SMS.

Ìdánwò tó ń ka owó ni mi ò tíì kọ. N kò mọ nọ́ńbà wo ni kí n gbé kalẹ̀ pé òun lòótọ́, nítorí ètò kan náà ló ń ro ó.

Mo san 6,000 fún ìyá aláṣọ látinú àpò mi. Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní òun ò ní ju káàdì òun nù nítorí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.

---

Àgbà Kétu

Kó má jù ú nù o. Bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o ya fọ́tò rẹ̀. Igi 31, 1,500 lójúmọ́, yọ ọjọ́ kan: 45,000. Ìdánwò 39 nìyẹn.